Ìwé Ìwọlé, Àkókò Ìwòran àti Ọnà Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

 

Ẹni tí ó bá ti lọ wo Olúmọ ní Abẹ́òkúta yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ àpáta náà ni a ti ń ra ìwé ìwọlé. Bí a bá ti sanwó tán, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún wa nìyẹn. Ní ọdún 2006 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ibẹ̀ ṣe lọ́tun, tí wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn, tí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè sí i. Bí a bá gòkè díẹ̀, a ó dé abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, a ó sì rí àwọn ojú ihò tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan lórí òkúta. Lẹ́yìn náà ni a ó dé ojúbọ Olúmọ. Ibẹ̀ ni agbára ìwé ìwọlé wa pin sí. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ilẹ̀kùn ojúbọ náà ń ṣí, kì í sì í ṣe ẹni gbogbo ni ó ń ṣí fún. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ní àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Lórí àpáta kan ṣoṣo yìí ni ẹnu ọ̀nà méjì wà: ọ̀kan tí a fi owó ṣí, ọ̀kan tí owó kò lè ṣí. Èyí ni ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, èyíinì ni ìwé ìwọlé tí a ń gbà sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, tí ọjọ́ àti wákàtí ìwọlé wà lára rẹ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ọnà ńláńlá ń lò láyé ìsinsìnyí. Àwọn kan rò pé ayé kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bí i. Àwọn mìíràn ka á sí ìwọ̀sí pé kí a máa fi wákàtí dá ènìyàn lẹ́kun iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò sí àwùjọ tí kì í fi ìlànà sí bí a ṣe ń wo iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ni pé ta ni ó di ìlẹ̀kùn mú, àti pé kí ni a sọ fún òǹwòran nígbà tí ó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò lò. Ohùn orí sílébù àkọ́kọ́ nìkan ni ó ya ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì mọ̀ bí mo ṣe máa ń rán wọn létí rẹ̀. Wákàtí wọ èdè wa láti inú èdè Lárúbáwá. Agogo jẹ́ irin tí a ń lù kí a tó fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tí ń ka àkókò. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú jẹ́ ti wa pátápátá: inú ojú ṣíṣẹ́ ni a ti mú un jáde. Bí ó bá wá kéré sí i, a ó pè é ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé ojú ọ̀bọ yẹn yá ju ojú ènìyàn lọ. Àwọn baba wa fi ojú wọn àkókò. Bí a bá wá sọ fún ènìyàn pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó ní láti fi wo ọnà, bí ojú ti ń wo ọnà náà ni ó ń ka àkókò.

Àkókò ìwòran ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Kí ilé ọnà ìgbàlódé tó dé, níbo ni iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Ẹ̀gbá wà? Ìsọ̀rí mẹ́ta ni mo lè pín in sí.

Èkíní ni èyí tí ó wà nínú ilé. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí rẹ̀ a lọ bá babaláwo, babaláwo a sì rán wọn lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gilére kí ó gbẹ́ ère sí ipò rẹ̀. Ìyá ni ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń fún un ní oúnjẹ, tí ó ń fi osùn kùn ún lára, tí ó ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ìwẹ̀ àti oúnjẹ a sì máa pa imú àti ojú ère náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun wá wo ọnà nínú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀, ẹbí ni tàbí ọ̀rẹ́ ìdílé, ọmọ ni ó sì wá kí.

Èkejì ni èyí tí gbogbo ìlú lè rí, ṣùgbọ́n tí ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Orí eégún tí agbẹ́gilére gbẹ́ lè wà nínú òkùnkùn yàrá fún oṣù púpọ̀ kí ọdún tó dé. Ní ọjọ́ ọdún, ó jáde tòun ti aṣọ, ìlù àti oríkì. Tọmọdé tàgbà ni ó ń wò ó, síbẹ̀ ìwòran náà ní ààlà. Atọ́kùn wà níwájú, pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sún mọ́ eégún ju bí ó ti yẹ lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni eégún fi ń jó kọjá ní ojúde ẹni, ẹni tí ó bá sùn lọ di ọdún tí ń bọ̀. Bákan náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn ará Yewa àti Kétu tí wọ́n ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra àṣà àgbáyé. Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, ọ̀sán ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí orí Ẹ̀fẹ̀ ní ọ̀sán kò mọ ohun tí ó ń wá.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a kò ṣe fún ojú gbogbo ènìyàn. Ipò ńlá ni àwọn Ògbóni wà nínú ìṣèlú àwọn ìlú Ẹ̀gbá, ilédì sì ni ilé ìpàdé wọn. Ẹdan, ère idẹ akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀, jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí ó gba ọgbọ́n àti sùúrù lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ idẹ. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe awo kò ní àǹfààní láti jókòó wò ó. Kò sí iye owó tí yóò fi ra wákàtí kan nínú ilédì.

N kò sọ gbogbo èyí láti pọ́n ayé àtijọ́ lé ju bí ó ti yẹ lọ. Ìlànà wọ̀nyí ní ìnira tiwọn. Bí Orò bá ń ké, inú ilé ni obìnrin yóò wà, wákàtí yẹn kì í sì í ṣe tirẹ̀ rárá. Àríyànjiyàn lórí irú ìkálọ́wọ́kò bẹ́ẹ̀ kò tíì tán títí di òní, ó sì yẹ kí á máa jiyàn náà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa pé ọnà ní àkókò àti ẹ̀ṣọ́.

Ìwé ìwọlé ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jẹ́ kí á wá kọjá sí òkè òkun, kí á wo bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1753 ni àwọn aṣòfin wọn fi òfin dá British Museum sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1759 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Montagu House. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé ní láti kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ láwùjọ àti ibi tí ó ń gbé, kí ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ adènà. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá gbà á, yóò padà wá gba ìwé ìwọlé tí ọjọ́ àti wákàtí wà lára rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá péré ni òfin wọn gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òǹwòran bá sì wọlé tán, kì í ṣe òun ni yóò yan ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbà: òṣìṣẹ́ ilé náà ni yóò kó wọn lọ láti yàrá dé yàrá.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ William Hutton, oníṣòwò ìwé ní ìlú Birmingham. Ó rin ìrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1784, ó sì fẹ́ràn láti rí ilé yìí ju ohunkóhun lọ. Kò rí ìwé ìwọlé gbà lọ́nà tí ó tọ́, ni ó bá fi nǹkan bíi ṣílè méjì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ní. Àwọn bíi mẹ́wàá ni wọ́n jọ wọlé. Bí ó ti la ẹnu bèèrè ìtumọ̀ ohun tí ó rí, ṣe ni afinimọ̀nà jágbe mọ́ ọn, ni ó bá pa ẹnu mọ́. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ti sáré la gbogbo ilé náà já. Hutton kọ ọ́ sínú ìwé tí ó fi ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ pé inú òun bàjẹ́ gidigidi, nítorí pé òun rí ohun púpọ̀ láìmọ ìtàn èyíkéyìí nínú wọn. Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ Hutton gan-an nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni.

Ó tó ọdún 1810 kí wọ́n tó gbà kí ènìyàn máa wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ láìmú ìwé lọ́wọ́. Ní ìlú Dulwich, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé àwòrán kan tí John Soane yàwòrán rẹ̀ fún ará ìlú ní ọdún 1817, ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó ní láti kọ́kọ́ gba ìwé ìwọlé lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò àwòrán ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí títà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ fi adènà yìí wé atọ́kùn wa. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ṣọ́ ààlà. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé kan ń bèèrè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní Abẹ́òkúta, ọmọ ta ni ọ́ ni ìbéèrè, ṣé o ti ṣe awo? Ní Lọ́ńdọ̀nù, irú ènìyàn wo ni ọ́, níbo ni ò ń gbé? Ìyàtọ̀ mìíràn sì wà. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ ilé kò nílò afinimọ̀nà níwájú eégún ilé rẹ̀, nítorí pé ó gbọ́ ohun tí ìlù ń wí.

Bí ọnà Ẹ̀gbá ṣe dé ọ̀hún

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843 ni Henry Townsend, ajíyìnrere ìjọ CMS, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, aṣáájú tí ó kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ni ó gbà á lálejò. Ní ọdún 1846 ni òun àti Àjàyí Crowther padà wá láti fìdí iṣẹ́ wọn múlẹ̀. Townsend kan náà ni ó dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọmọ ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àti pé àwọn ohun tí ó kó jọ nílẹ̀ Yorùbá wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Exeter, Royal Albert Memorial Museum, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1868. Ọdún kan péré ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ba àwọn ilé ìsìn jẹ́, tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó ajíyìnrere kúrò nílùú. Òyìnbó ń jáde, ṣùgbọ́n ohun ọwọ́ Ẹ̀gbá ti rí ibùgbé lókè òkun.

Kì í ṣe ogun ni a fi kó ti Ẹ̀gbá bí wọ́n ti kó ti Bìní ní ọdún 1897. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ pọ̀. Àwọn kan jẹ́ ẹ̀bùn, àwọn kan jẹ́ rírà. Nígbà tí ẹ̀sìn tuntun gbilẹ̀, àwọn ìdílé kan jọ̀wọ́ ère wọn fún àlùfáà, àwọn mìíràn sì tà wọ́n fún oníṣòwò. Ère ìbejì pàápàá lọ lọ́pọ̀ yanturu ní ọ̀rúndún ogún, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ọnà ńlá kan ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà tí ó ní ọnà Áfíríkà tí a kò ní rí wọn níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ọdún 1943 ni Kenneth Murray bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìjọba, tí wọ́n fi ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan ní Èkó ní ọdún 1957. Òfin tí ó de kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde jáde ní ọdún 1953. Ohun tí ó ti lọ kí ó tó dé kò kéré.

Ẹ wo àyípadà tí ó dé bá wọn. Ọmọ tí ìyá ń wẹ̀ wà lẹ́yìn dígí. Orí eégún tí ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́dún tó fún wà lójú kan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, láìsí aṣọ, láìsí ìlù. Ẹdan tí ọmọ Ẹ̀gbá tí kì í ṣe awo kò gbọdọ̀ wò, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìwọlé lè wò ó. Àkókò tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ ọnà tẹ́lẹ̀ ti wá di ti òǹwòran.

Orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ

Nínú gbogbo ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà, èyí tí ó dùn mí jù ni orúkọ. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí a máa ń kà lára àkọlé kò ju Yorùbá, Nàìjíríà lọ, bí ẹni pé odindi ìran ni ó kóra jọ gbẹ́ igi kan. Àwọn Ẹ̀gbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń wá ère mọ ilé tí òun ń lọ, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tí òun ń wá. Ní Ìtòkò ní Abẹ́òkúta, ilé Adúgbológe jẹ́ ilé àwọn agbẹ́gilére tí òkìkí wọn kàn, bàbá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ-ọmọ. Ère ìbejì àti orí eégún tí ó ti ibẹ̀ jáde wà káàkiri àgbáyé lónìí. William Fagg, ọ̀mọ̀wé tí ó ṣiṣẹ́ ní British Museum, wà lára àwọn tí ó tẹnu mọ́ ọn ní àárín ọ̀rúndún ogún pé oníṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní orúkọ, àti pé bí a bá bèèrè a ó rí i. Nígbà tí wọ́n bèèrè ni orúkọ bí Adúgbológe wọ inú ìwé. Irú ilé tí adènà rẹ̀ kì í jẹ́ kí òǹwòran wọlé láìkọ orúkọ sílẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ ọnà wọlé láìbèèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é.

Ní ìgbà kan tí mo fi ìwé ìwọlé oníwákàtí wọ ilé ọnà kan lókè òkun, iwájú ère ìbejì méjì ni mo dúró sí. Ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ọkùnrin kan tí ó dúró tì mí sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bóyá kòkòrò ni ó jẹ ẹ́, tàbí pé wọn kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Mo tọrọ gáfárà, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé ìtọ́jú gan-an ni ó pa ojú náà rẹ́: ọwọ́ ìyá ni. Ọmọ náà bi mí pé kí ni orúkọ ìyá náà. N kò lè dáhùn. Àkọlé náà kò sì lè dáhùn.

Nígbà tí mo padà délé, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì ohun tí ó lè fa kí ojú ère ìbejì parẹ́. Ìdáhùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ọkùnrin òyìnbó yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun ríráhùn pé wákàtí tí wọ́n fún wa lókè òkun kéré. Kí ni a fẹ́ fi wákàtí méjì ṣe bí a kò bá mọ ohun tí a ń wò?

Bí a ṣe lè lo wákàtí wa

Ìwé ìwọlé oníwákàtí kò ní kúrò nílẹ̀ láìpẹ́. Nígbà tí wọ́n kó ọnà Ifẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún àfihàn ní ọdún 2010, ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbà kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ìlẹ̀kùn ayé pa ní ọdún 2020, tí British Museum sì tún ṣí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún náà, kò sí ẹni tí ó wọlé láìkọ́kọ́ gba àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ọdún 1759 ni ó padà wá, àyàfi pé kọ̀ǹpútà ni ó di adènà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn díẹ̀ nìyí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹ tó lọ sí ilé ọnà èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó ní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni ó ti kó àwòrán àti àkọsílẹ̀ ohun ìní wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ Abeokuta sí ibi ìwádìí wọn, láìsí àmì ohùn, kí ẹ wo ohun tí yóò jáde. Èyí kò gba físà, kò sì gba ìwé ìwọlé. Bí ẹ bá wọlé, ẹ má ṣe bí àwọn tí wọ́n kó Hutton sáré. Ẹ yan ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Ẹ bi ara yín pé ta ni ó gbẹ́ ẹ, ta ni ó ní kí a gbẹ́ ẹ, ọjọ́ wo ni ó ń jáde, kí ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Bí àkọlé bá kùnà, ẹ kọ̀wé sí wọn. Àwọn ilé ọnà a máa ṣe àtúnṣe bí ẹni tí ó mọ̀ bá bá wọn sọ̀rọ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ lọ sí Ìtòkò, ẹ lọ sí Aké, ẹ lọ sí Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà tí ó ṣì mọ orúkọ agbẹ́gilére, oríkì eégún ilé wọn, àti orin tí a ń kọ fún ìbejì. Ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí ohun tí ẹ bá kọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n àfojúbà láìsí ìròyìn kò tó nǹkan náà. Kò sí ìwé tí a lè gbà sílẹ̀ dè wọ́n títí di ọdún tí ó bá wù wá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá papò dà lálẹ́ òní, orúkọ tí ọmọ yẹn bèèrè lọ́wọ́ mi lè bá a lọ.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.